Ẹja Odò Kì í Tọ́ Iyọ̀ Wò

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ìgèrè ẹja lọ, mo gbà pé gbogbo odò tó wà láyé ló jọ odò ẹ̀yìn ilé wa. Odò kékeré ni. Ní òkè, níbi tí àpáta ti há omi mọ́, a máa ń pọn èyí tí a ó mu. Ní ìsàlẹ̀, àwọn ìyá wa máa ń fọṣọ. Àárín méjèèjì ni ẹja wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà títí yóò fi ku kòtò kọ̀ọ̀kan lábẹ́ igi, àwa ọmọdé á sì máa fi ọwọ́ lásán mú epìyà níbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, odò á tún kún, ẹja á tún pọ̀. Òjò ní í mú odò kún, oòrùn ní í mú un gbẹ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló wà nínú ìyẹn tí àgbàlagbà fi ń ṣàlàyé. Ẹ ní sùúrù.

Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ìkángun ilé wa, òun nìkan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì fi ohun mìíràn sílẹ̀ fún un ju ìgèrè mẹ́fà lọ, àwọn apẹ̀rẹ̀ ọlọ́rùn tóóró tí ẹja lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè jáde mọ́. Obìnrin kì í sábà dẹ ìgèrè ní ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyá yìí ń dẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí, nítorí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Èmi ni ó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọmọ àdúgbò. Ó mọ ibi tí àrọ̀ ń sùn sí nínú ẹrẹ̀, ó sì mọ abẹ́ òkúta tí òjìjí ń sá sí, ẹja tí í gbọn ènìyàn lọ́wọ́ bí iná mànàmáná. Ó lè wo àwọ̀ omi láàárọ̀ kó sọ pé ẹja kò ní wọ ìgèrè lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí. Lójú mi, kò sí ohun tí ìyá yẹn kò mọ̀.

Ohun kan tó máa ń sọ léraléra ni pé ẹja odò kì í tọ́ iyọ̀ wò. Ó ní bí ẹja odò bá ṣèèṣì tẹ̀ lé omi títí tó fi wọ òkun, iyọ̀ á fọ́ ọ lójú, kò sì ní mọ ọ̀nà ilé mọ́ títí yóò fi kú. Ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Kí ó tó yan àrọ̀ lórí ààrò, ó máa ń po iyọ̀ púpọ̀ mọ́ omi nínú ìkòkò ńlá, á sì da àwọn ẹja náà sí i láàyè kí ara wọn má baà yọ̀ mọ́. Wọ́n á jà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á dákẹ́, bí a bá sì yọ wọ́n, ojú wọn á ti funfun báláú. Èmi fúnra mi ni mo rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ohun tí ojú mi rí ní ọmọ ọdún méje, òun ni mo gbé dé Amẹ́ríkà ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Ilé ọmọ mi obìnrin ni mo ń gbé báyìí, ní ìlú Kettering ní Amẹ́ríkà níbí. Nọ́ọ̀sì ni. Wákàtí méjìlá ló máa ń lò lórí ìdúró, bó bá sì wọlé, oorun ló kù. Nítorí náà, èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, la jọ máa ń jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn ìrun alásárì, òun pẹ̀lú iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, èmi pẹ̀lú tíì mi. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì jù. Ẹ̀kọ́ ilé ni ìyá rẹ̀ kò fi ṣeré. Ó ti kọ́ ọ láti kúnlẹ̀ kí àgbà, láti fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan, àti pé a kì í já àgbà níyàn. Bí mo bá ní kó rọra ṣe é, pé ilẹ̀ yìí kò jọ ilé, ọmọ mi á ní ẹja tútù ni à á ká, èyí tó bá ti gbẹ kò ṣeé ká mọ́. Inú mi a sì máa dùn, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́ òun náà.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn kọ orúkọ odò láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi sínú ìwé péńpé, ó kó wọn sínú àpò, ó ní kí oníkálùkù fi ọwọ́ yọ tirẹ̀. Àwọn mìíràn yọ odò ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Tiwa yọ odò kékeré kan ní Nọ́wè, ilẹ̀ òtútù tí panla ti ń wá. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un ni pé kí ó ya àwòrán ilẹ̀ tí odò náà gbà kọjá, kí ó sì kọ bí àwọn ẹja inú rẹ̀ ṣe ń gbé ayé wọn. Olùkọ́ yẹn kan náà ni yóò kọ lẹ́tà tí ọmọ náà lè fi wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì pàtàkì kan ní ọdún tó ń bọ̀, ibi tí ó ti ń fi ojú sùn láti ìgbà tó ti mọ ìwé kà. Iṣẹ́ odò yìí ni olùkọ́ náà máa wò kó tó kọ ọ́.

Ní ti àwòrán ilẹ̀, mo wúlò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé, èmi ni mo máa ń fa ṣéènì láàárín igbó, mo sì mọ bí a ṣe ń fi ìlà sọ bí òkè ṣe ga tó. A jọ yà á. Adágún kékeré kan ni odò náà ti ṣẹ̀, lórí òkè tí igi kankan kò lè hù sí nítorí òtútù. Láti ibẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó àwọn igi tí èèpo ara wọn funfun, ó jábọ́ láti orí àpáta kan tó ga ju ènìyàn lọ díẹ̀, ó gba àárín oko tí wọ́n ti ń gé koríko fún màlúù, ó sì wọ apá òkun kan tó ki ara bọ àárín òkè méjì. Kò gùn rárá. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ lè bá a rìn láti òkè dé òkun láàárín ọjọ́ kan.

Ibẹ̀ ni orí mi ti kọ́kọ́ dàrú. Ọmọ náà kà á jáde pé ìgbà òtútù, nígbà tí òjò dídì ń bọ́ lójoojúmọ́, ni odò náà máa ń kéré jù, àti pé ìgbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ni ó máa ń kún bo bèbè. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo bi í pé ṣé oòrùn ló wá ń mú odò kún. Ó ní òjò dídì orí òkè ló ń yọ́ wá. Ó tún ní lásìkò òtútù, ojú omi máa ń le gbagidi tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀, ẹja á sì wà láàyè nísàlẹ̀, wọn á rọra máa mí. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á lẹ́nu ni, inú mi kò gbà á.

Nígbà tí a wá dé orí ẹja, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa sámọ́nì, ẹja aláwọ̀ bí ọsàn tó kún inú fìríìsà ìyá rẹ̀. Ó ní inú odò ni wọ́n ń bí i sí, láàárín òkúta wẹ́wẹ́, á gbé ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan, á wá tẹ̀ lé omi lọ sí òkun. Mo ní kó dúró níbẹ̀. Mo ní èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo sọ ìtàn ìyá arúgbó fún un, mo sọ ti ìkòkò oníyọ̀ àti ti ojú ẹja tó funfun. Mo ní èyí tí wọ́n rí nínú òkun, ẹja mìíràn ni, ó kàn jọ ọ́ ni. Mo ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọmọ náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì ní, "Okay, Grandpa." Ó tẹrí ba, ó ń kọ̀wé. Èmi mu tíì mi, inú mi ń dùn pé mo ṣì wúlò fún ẹnì kan.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, kò bu omi mu, ó kàn jókòó tì mí. Ó ní olùkọ́ ti kọ̀wé sí òun. Àwòrán ilẹ̀ tí a yà ló dára jù nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì, ti ẹja, kò tilẹ̀ gba máàkì kankan. Olùkọ́ bi ọmọ náà pé níbo ló ti rí i kà pé ẹja odò Nọ́wè kì í dé òkun, pé iyọ̀ ń fọ́ wọn lójú. Ọmọ náà dáhùn pé òun ló rò ó fúnra òun. Olùkọ́ wá ní ẹni tó bá ń ti ọkàn ara rẹ̀ kọ sáyẹ́ǹsì, òun kò lè kọ lẹ́tà fún un, àfi bó bá lè dúró níwájú kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó ṣàlàyé ìgbé ayé ẹja náà láìwo ìwé.

Ọmọ náà kò dárúkọ mi. Ó fẹ́ kí lẹ́tà náà bọ́ lọ́wọ́ òun jù kí ó sọ pé bàbá àgbà òun ló ṣì í. Mo pè é. Mo ní kó mú ìwé tó fi kọ iṣẹ́ náà wá. Nígbà tí mo fi jígí ojú mi wò ó, mo rí i pé ó ti kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ òkun gan-an bó ṣe rí, ìlà bíi mẹ́wàá, ó wá fi rọ́bà pa á rẹ́, ó sì kọ tèmi lé e lórí. Òjìji ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣì hàn lábẹ́ tèmi.

Mo bi í pé, "Nígbà tí o ń kọ èyí, ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́?"

Ó wo ìyá rẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. "Yes, Grandpa. Mo ti kà á. But Mommy said mi ò gbọdọ̀ já àgbà níyàn."

Ìyá rẹ̀ gbé orí lé ọwọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mo kọ́ ọ. Ibo la wá máa gbà báyìí?"

Ojú tì mí, inú sì bí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Ṣé ọmọ tó ṣe ohun tí a kọ́ ọ ni, tàbí ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ? Ṣé ìyá arúgbó tó ti wà nínú ilẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún ni mo fẹ́ máa bá jà? Ohun tó tún dà mí láàmú jù ni pé bí ìyá yẹn bá lè ṣì í nípa ẹja, tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, èwo nínú àwọn ohun tó kọ́ mi ló wá dúró?

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ odò yẹn fúnra mi. Kíkà rẹ̀ tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ mi ni. Sámọ́nì lọ sí òkun lóòótọ́, ó jẹun níbẹ̀, ó sanra, ó wá padà sí odò tí wọ́n bí i sí gan-an, òórùn omi ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ó ń fò sókè gun orí àpáta tí omi ti ń jábọ́. Bó bá ti wọ odò, kò ní jẹun mọ́ títí yóò fi yé ẹyin. Ẹja kejì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tiráọ̀tì, tó jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ èyí á lọ sí òkun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dúró sínú odò títí ayé, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé èwo ló gbọ́n. Mo ronú kan ọmọ mi ọkùnrin, tó dúró sílé ní Ìbàdàn nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sí Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe ń gbà fún ìyẹn, mo tún ka ti ẹja gígùn kan tó rí bí ejò, tí òun sọ gbogbo rẹ̀ dojú dé: inú òkun ni wọ́n ń bí òun sí, odò ló ti ń dàgbà, òkun ló sì ń padà sí láti lọ bímọ. Mo bọ́ jígí mi. Nínú odò kan ṣoṣo, kékeré, tí ènìyàn lè rìn parí lọ́jọ́ kan!

Lẹ́yìn ìrun alásárì, mo pe ọmọ náà síwájú mi nínú pálọ̀. Mo ní kó ṣe bí ẹni pé èmi ni kíláàsì, èmi yóò máa sọ ohun tí kò tọ́, òun yóò sì dá mi dúró pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé ohùn sókè, mo ní ẹja odò kì í tọ́ iyọ̀ wò. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Grandpa, ẹ má bínú o, I think..." Mo ní kó dìde, pé a kì í kúnlẹ̀ ṣàlàyé ẹja fún kíláàsì. A tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò, ohùn rẹ̀ kò sì jáde. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ mọ́ bóyá mò ń tún ọmọ ṣe ni tàbí mò ń bà á jẹ́.

Ìyá rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó o sọ ọ́."

Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. "Kò rí bẹ́ẹ̀, Grandpa. Ẹja yẹn máa ń lọ sí òkun, ojú ẹ̀ kì í fọ́. It comes back home."

Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún yín. Ọmọdé kan kò wo ojú mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, èmi náà kò sì sọ ọ́ fún àgbà kankan rí láyé mi. Inú mi tún dùn, títí tí mo fi fẹ́ dìde gbá a mọ́ra, èyí ló sì rú mi lójú jù lọ. Bí ó ṣe rí i pé n kò bínú, ó bi mí léèrè pé, "That grandma, ṣé ó ti rí òkun rí?"

Ìyá yẹn kò rí òkun rí. Kò rìn jìnnà sí odò ẹ̀yìn ilé wa ju ọjà ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún lọ títí ó fi kú. Àrọ̀ tirẹ̀ ló mọ̀, ìkòkò tirẹ̀ ló rí, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó rí níbẹ̀. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí Nọ́wè, ibi tí kò rán mi sí. Ó tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, n kò sì bi ara mi ní ìbéèrè tí ọmọ ọdún méjìlá bi mí lórí ìdúró. Mo mọ ìdí tí n kò fi bi í. Bí mo bá bi ìyá náà nígbà náà, òun ni yóò kọ́kọ́ fún mi ní ìgbátí, lẹ́yìn náà ni ti ìyá tó bí mi á tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ náà dúró níwájú kíláàsì, ó ṣàlàyé ẹja láti ẹyin dé òkun, láti òkun padà dé òkè àpáta. Nígbà tó parí, olùkọ́ tún bi í pé níbo ló ti rí èyí tó kọ́kọ́ kọ. Mo ti ní kó dárúkọ mi. Ó ní bàbá àgbà òun ló sọ ọ́, àti pé odò mìíràn ni bàbá àgbà òun mọ̀. Olùkọ́ náà kọ lẹ́tà.

Láyé ìgbà tiwa, àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọdé ń gbà, ohun tí a gbà náà la sì fi gbé ara wa dé ibi tí a dé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ dára. N kò lè sọ fún yín pé ayé tòní sàn jù ú lọ, n kò sì lè sọ pé tàná ló sàn, nítorí mo ti jókòó sáàárín méjèèjì ní pálọ̀ ọmọ mi, kò sì yé mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń sọ ìtàn ìgbà èwe mi, ọmọ náà kì í sọ pé okay mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń sọ fún un bí ìyá arúgbó yẹn ṣe pọ̀n mí kọjá odò lọ́jọ́ tí omi kún, tí omi sì dé òun lọ́rùn. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Grandpa, ṣé ó dá yín lójú pé ó dé ọrùn?"

Mo ronú. Mo gbìyànjú láti rántí omi náà, mo sì rí i pé ẹ̀yìn ìyá náà nìkan ni mo rántí, àti bí ó ṣe gbóná nínú òtútù. Omi lè má ju ìbàdí lọ. Mo sọ fún un pé kò dá mi lójú.

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó sì ní kí n ṣáà máa sọ ọ́ lọ.